Báwo ni a ṣe lè mú kí gbígba owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n àti rédíò tọ́ ní Èkó?

Akọ̀wé Àdúgbò (Èbúté Mẹ́ta)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níbí, mo kí yín o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ní òpópónà kan ní Èbúté Mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe tèmi nìkan, nítorí pé òun ló gba gbogbo àkókò mọ́ wa lọ́wọ́ ní ìpàdé wa tó kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin tó ń gẹrun ní àdúgbò wa, wọ́n ní kí ó fi ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ hàn. Ọmọ náà fa èyí tó gbà lọ́dún tó kọjá yọ. Pélébé ìwé kan ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́. Òǹtẹ̀ ara rẹ̀ ti ràn débi pé ènìyàn kò lè ka orúkọ káńsù tó wà níbẹ̀, kò ní nọ́ńbà kankan, bírò ni wọ́n sì fi kọ ọdún sí i. Wọ́n ní ìwé yẹn kì í ṣe tiwọn, pé káńsù kejì ló ni ín. Kí ó tó ṣàlàyé tán, ọ̀kan nínú wọn ti gun àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé, ó ti yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára ògiri, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀. Nígbà tí a máa fi rí i gbà padà, ìdajì owó tí ọmọ náà san ni wọ́n kọ ìwé fún. Wọ́n ní ìdajì yòókù jẹ́ owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú ẹrù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣì wá gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé bí òfin bá ní kí a san owó yìí, ó yẹ kí a san án. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí òfin fún láṣẹ láti gbà á, ọ̀nà tí wọ́n lè máa gbà á tí kò fi ní di ìjàgboro, àti ohun tó tọ́ kí wọ́n ṣe fún ẹni tó bá kọ̀ tí kò san. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ kọ lẹ́tà sí káńsù. A kò sì fẹ́ kí lẹ́tà náà jẹ́ ẹ̀hónú lásán, a fẹ́ kí ó ní àbá tí wọ́n lè lò nínú.

Agbẹjọ́rò Ìsàlẹ̀ Èkó

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní Àfikún Kẹrin, ka gbígba owó ìwé àṣẹ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Òfin 1998 tó to àwọn owó-orí àti owó àṣẹ tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà náà fi owó yìí sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àyàfi ti ẹ̀rọ tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń gbé ohùn àti àwòrán sáfẹ́fẹ́, tí kò sí lára rẹ̀.

Òfin 1998 yìí kan náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bu irú owó bẹ́ẹ̀ fún aráàlú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ gbà á, àfi aláṣẹ owó-orí tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó tún kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni dínà mọ́ ọkọ̀ nítorí àtigba owó-orí èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ aláṣẹ ìjọba fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rú u yóò san owó ìtanràn ₦50,000, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kí ó jẹ méjèèjì pọ̀. Bí mo bá ń rìn kọjá ní Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà, tí mo rí àwọn agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n ń gba owó káńsù, tí wọ́n sì ń yọ ìpín tiwọn nínú ohun tí wọ́n bá rí gbà, ọ̀rọ̀ inú òfin yẹn ni mo máa ń rántí. N kò rí ibi tí wọ́n fẹsẹ̀ lé nínú rẹ̀.

Ní ti káńsù méjì tó ń du owó kan náà, ìjọba ìbílẹ̀ 20 péré ni ìwé òfin kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún Èkó. Àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2003 wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2004, ìdájọ́ tó jáde ni pé ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe òfin tó fi dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Títí di òní, wọn kò tíì kọ ọ́. Ẹ wá rí i pé òpópónà kan lè jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ àtijọ́ lójú ẹnìkan, kí ó jẹ́ ti àgbègbè ìdàgbàsókè lójú ẹlòmíràn, kí àwọn méjèèjì sì fi ìwé béèrè owó ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ béèrè fún ni ìwé tó ka òpópónà kọ̀ọ̀kan, tí káńsù méjèèjì bu ọwọ́ lù, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara pátákó níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á.

Gbígbé ẹrù ńkọ́? Abala 44 ìwé òfin dáàbò bo dúkìá aráàlú. Ó fàyè sílẹ̀ fún gbígba dúkìá nítorí owó-orí, àmọ́ bí òfin bá ṣe là á sílẹ̀ nìkan ni. Ẹni tó bá máa yọ tẹlifíṣọ̀n ọmọ ọlọ́mọ kúrò lára ògiri gbọ́dọ̀ lè nawọ́ sí ìlà tó fún un láṣẹ nínú òfin tí káńsù rẹ̀ ṣe. Kí ẹ béèrè fún ẹ̀dà òfin náà kí ẹ tó kọ ohun mìíràn.

Bàbá Ṣómólú

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ owó gbígbà ní ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà n óò sọ ohun tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́ náà.

Nígbà tiwa, agbowó kọ̀ọ̀kan máa ń fọwọ́ sí ìwé kó tó gba ìwé rìsíìtì ní ọ́fíìsì. Gbogbo ojú ewé ló ní nọ́ńbà ní igun òkè lápá ọ̀tún, wọ́n sì tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ̀dà mẹ́ta ni a máa ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú bébà kábọ̀n: ọ̀kan fún ẹni tó sanwó, ọ̀kan bá owó lọ sọ́dọ̀ akápò, ẹ̀kẹta kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìwé. Bí ọ̀sán bá pọ́n, akápò á ka nọ́ńbà, á ka owó, bí ewé kan bá sì sọnù, ẹni tó gba ìwé náà ni yóò wí tẹnu rẹ̀. Bí o bá ṣi ewé kan kọ, o kò gbọ́dọ̀ ya á. Wàá fa ìlà méjì kọjá lórí rẹ̀, wàá sì fi ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo wa jẹ́ olóòótọ́ nígbà náà o, ṣùgbọ́n ìwé náà kò jẹ́ kí olè ráyè. Ohun tó ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún agbowó pé kí ó ṣáà mú iye báyìí wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí àwọn agbaṣẹ́ṣe tẹ rìsíìtì tiwọn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó lè ka ewé mọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí, n óò ní kí owó má kan ọwọ́ agbowó rárá. Kí káńsù kọ́kọ́ rìn yí àdúgbò ká, kí wọ́n kọ orúkọ ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà, kí wọ́n fi lẹ́tà tó ní nọ́ńbà ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí lẹ́tà náà sì sọ iye owó, òfin tó gbé e kalẹ̀, àti ọjọ́ tí àkókò máa tán. Kí ẹni tó bá fẹ́ san lọ sí ilé ìfowópamọ́, tàbí kí ó fi fóònù fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ káńsù gan-an. Kí nọ́ńbà kan jáde tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, yóò rí i pé ṣọ́ọ̀bù báyìí ti san ti ọdún yìí. Òṣìṣẹ́ tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò kò ní iṣẹ́ ju kí ó ka nọ́ńbà náà lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà mọ̀. Ọ̀pọ̀ aráàlú rò pé NTA tàbí Tẹlifíṣọ̀n Èkó tó wà ní Àgídìǹgbì ni owó yìí ń lọ fún. Kò lọ síbẹ̀. Àpò káńsù ló ń wọ̀, pẹ̀lú owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọjà. Ní 1935 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé rédíò wọ ilé àwọn ará Èkó, àpótí tí àwọn bàbá wa ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tó ń san owó rẹ̀ ń gbọ́ ohun tó sanwó fún nínú pálọ̀ rẹ̀. Lónìí, ẹni tó san owó ìwé àṣẹ kò lè tọ́ka sí ohunkóhun. Nítorí náà, kí káńsù kọ iye tó wọlé láti ara owó yìí sí ojú pátákó lọ́dọọdún, kí ó sì kọ ohun tó fi ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ gọ́tà tàbí iná òpópónà.

Èrò mi ni pé kí wọ́n fi ilé gbígbé sílẹ̀ pátápátá. Lílé tẹlifíṣọ̀n káàkiri láti yàrá dé yàrá ní Ṣómólú yóò jẹ owó òṣìṣẹ́ ju èyí tó máa mú wọlé lọ. Ibi tí tẹlifíṣọ̀n ti ń bá ènìyàn pa owó ni kí wọ́n gbájú mọ́: hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ọtí, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, àti àwọn ilé ìfowópamọ́ tó gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ sí ibi tí oníbàárà ń jókòó sí.

Ìyá Ìbejì (Súrùlérè)

Bàbá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà sílé, mo sì san owó tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ bí gbogbo ará ìlú ti ń san án. Níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé BBC ni wọ́n ń gbà á fún. Ní oṣù Kẹrin 2025, ó di £174.50 lọ́dún fún ilé kan, iye tẹlifíṣọ̀n yòówù tí ìbáà wà nínú ilé náà. Ẹni tí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan ń san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran sì ń san ìdajì. Òṣìṣẹ́ tó bá wá kanlẹ̀kùn kò lè wọlé bí onílé kò bá gbà, àyàfi tó bá mú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ dání. Bí wọ́n bá sì gbé ènìyàn dé ilé ẹjọ́, ìtanràn náà kò lè ju £1,000 lọ.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó ń dùn mí nínú ètò wọn, mo sì fẹ́ kí Akọ̀wé kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Nínú àwọn tí wọ́n ń gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí owó yìí, àwọn obìnrin ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Àwọn obìnrin kò sá fún owó ju ọkùnrin lọ. Àwọn ló wà nílé nígbà tí òṣìṣẹ́ bá kanlẹ̀kùn, àwọn náà ló sì ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ wo ọjà Tẹ̀júoṣó ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Ta ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù? Ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá? Ìyá tó gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré sẹ́yìn kí ọmọ rẹ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé ni yóò máa san ti gbogbo àdúgbò, nígbà tí àwọn tó ti ilẹ̀kùn jáde lọ síbi iṣẹ́ kò ní rí agbowó sójú. Ètò lẹ́tà tí Bàbá sọ ló máa gbà wá lọ́wọ́ èyí, nítorí pé lẹ́tà kì í yan ẹni tó wà nílé.

Àwọn kan lè ní kí a so ó mọ́ owó iná. Ítálì ṣe é ní 2016: ẹni tó bá ní iná mànàmáná nínú ilé tó ń gbé, wọ́n gbà pé ó ní tẹlifíṣọ̀n, àyàfi tó bá kọ ìwé pé òun kò ní. Àwọn tó ń sá fún un dín kù gidigidi, ìjọba sì dín owó náà kù láti €113.50 sí €100 lọ́dún yẹn, ó sì di €90 ní 2017. Ó dára fún wọn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ rántí ilé oníyàrá mẹ́wàá tí mítà kan ṣoṣo wà fún, tó jẹ́ pé orúkọ ìyá arúgbó tó nilé ló wà lára mítà náà. Òun ni yóò san án, òun náà ni yóò sì máa bá ayálégbé mẹ́wàá jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ní kí a máa gbà á ní Alábà nígbà tí a bá ń ra tẹlifíṣọ̀n. Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹni tó fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, R265 lọ́dún ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ kì í san án. Faransé sì ti fagi lé tiwọn pátápátá ní 2022.

Onílé Ìwòran (Mushin)

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣómólú dára, ṣùgbọ́n orí àwa ni ẹ fẹ́ kó gbogbo ẹrù náà lé. Àwa náà ń san owó sátẹ́láìtì lóṣooṣù, a ń ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, káńsù sì ń gba owó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wa. Bí a bá fi ilé gbígbé sílẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé iye tí wọ́n máa bù fún wa yóò ga sí i láti dí àyè èyí tí wọn kò gbà mọ́.

Ọjọ́ tí àwọn agbowó máa ń wá náà kò tọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù ńlá bá wà ni wọ́n máa ń dé, nígbà tí àga ti kún, nítorí wọ́n mọ̀ pé n kò ní fẹ́ kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n lójú ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí n mú wá ni n óò mú wá. Ìyẹn kì í ṣe owó ìwé àṣẹ mọ́, owó ìtura ni. Bí ẹ bá máa kọ lẹ́tà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n máa wá ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí wọ́n sì so gbogbo owó káńsù pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo lọ́dún, tí a lè pín sí ọ̀nà mẹ́rin san.

Bàbá Ṣómólú

Onílé Ìwòran, mo gbọ́ yín. Èmi ṣì dúró lórí pé kí wọ́n fi ilé gbígbé sílẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá bù gbọ́dọ̀ wà nínú òfin káńsù, kí ó sì bá ìwọ̀n ibi iṣẹ́ mu. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ní tẹlifíṣọ̀n nínú ogójì yàrá ní Victoria Island kò lè bá onígbàjámọ̀ Èbúté Mẹ́ta san iye kan náà. Ní ti ìwé kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kó owó ilẹ̀ àti owó ilé pọ̀ sínú ìwé kan, ariwo tó ta lórí iye owó pọ̀, àmọ́ n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n padà sí ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Akọ̀wé Àdúgbò (Èbúté Mẹ́ta)

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Ta ni kí a kọ lẹ́tà náà sí, alága ni àbí àwọn káńsẹ́lọ̀? Èkejì, ọmọ tó ń gẹrun yìí ti ń bẹ̀rù pé wọ́n máa padà wá. Ṣé kí ó san owó ọdún yìí kí lẹ́tà wa tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni, àbí kí ó dúró?

Agbẹjọ́rò Ìsàlẹ̀ Èkó

Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sí alága, ṣùgbọ́n kí ẹ fún káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ní ẹ̀dà kan, nítorí pé àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń ṣe òfin káńsù, àwọn ló sì lè tún iye owó àti ọ̀nà gbígbà rẹ̀ ṣe. Kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tún lè fi kún un pé láti oṣù Keje 2024 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn láti Àbújá, kò yẹ kó jẹ́ gbígbé tẹlifíṣọ̀n ọmọ onígbàjámọ̀ ni káńsù fi ń wá owó.

Ní ti ọmọ náà, kí ó má dúró de lẹ́tà. Kí òun àti ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ yín lọ sí ọ́fíìsì káńsù fúnra wọn, kí wọ́n béèrè ìwé tó ní iye owó ọdún yìí àti orúkọ àkáǹtì, kí ó sì sanwó ní ilé ìfowópamọ́, kì í ṣe sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ó ṣe ẹ̀dà rìsíìtì náà méjì, kí ó lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ fi èkejì pa mọ́ sínú fáìlì ẹgbẹ́. Bí àwọn ti káńsù kejì bá wá, kí ó fún wọn ní nọ́ńbà fóònù yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń béèrè sórí ìwé tó ní orúkọ káńsù wọn lórí.